Ọmọ Tí Kì Í Wo Àgbà Lójú

Ajé, 3 Júùnù 1991

Wọ́n gbà mí. Yunifásítì Ìbàdàn, másításì nínú ẹ̀kọ́ àkànṣe, ẹ̀ka ti àwọn adití, kí n wọlé ní oṣù kẹwàá. Hẹ́dìmásítà ti já lẹ́tà náà kí ó tó fún mi, ó ní òun ṣèèṣì ni. Ta ni í ṣèèṣì já lẹ́tà olórúkọ? Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́, mo sì gbà á bí ẹni tó gba ìwé ìpẹ̀jọ́.

Ó yẹ kí inú mi dùn, torí ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá a. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo padà wọ kíláàsì, tí mo rí àwọn ọmọ mi méjèèje tí wọ́n ń fi ọwọ́ jà lórí ẹni tó jí ṣọ́ọ̀kì, ọkàn mi wúwo. Bí mo bá lọ, ta ni yóò máa bá wọn sọ̀rọ̀? Ọ̀gá Ọmọ́tọ́ṣọ́ ló dá kíláàsì yìí sílẹ̀, òun ló sì kọ́ mi ní èdè ọwọ́. Ó lọ gba másításì tirẹ̀, kò sì padà wá mọ́. Ìlọrin ló wà báyìí, ní ọ́fíìsì, èmi nìkan ló sì kù tí mo ń bá àwọn ọmọ yìí jà ní Lọ́kọ́jà.

Alfred ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì nídìí oúnjẹ alẹ́, nígbà tí àwọn ọmọ wa ti sùn. Ọkọ mi kì í yára sọ̀rọ̀. Ó béèrè pé bí mo bá kàwé yìí tán, kí ló máa yí padà. Mo ní màá mọ iṣẹ́ mi dáadáa. Ó ní, "O ò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ ni?"

Òjò ti ń rọ̀ láti ìrọ̀lẹ́, òrùlé wa ní àdúgbò Natako níbí sì tún ti ń jò sórí àpótí aṣọ. Iléeṣẹ́ omi ìjọba ni Alfred ti ń ṣiṣẹ́ o. Ó ń dí omi gbogbo ìlú, tilé rẹ̀ ń kán tó, tó, tó.

Ọjọ́bọ̀, 6 Júùnù

Mọ̀ríámọ̀ tún gbórí sílẹ̀ dé lónìí. Ọmọ ọdún méjìlá ni, ọpọlọ rẹ̀ sì jí ju ti gbogbo ọmọ kíláàsì lọ. Òun ló kọ́kọ́ mọ gbogbo lẹ́tà lórí ìka. Láti ọdún tó kọjá ló ti ń yí padà. Bí mo bá ń bá a sọ̀rọ̀, ilẹ̀ ni yóò máa wò. Bí mo bá fi ìka gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè, yóò fi ẹsẹ̀ sẹ́yìn, yóò wá dúró gbọnin bí ẹni tí wọ́n fẹ́ nà. Ohun tí mo bá fi ọwọ́ sọ ní ẹ̀gbẹ́ ara mi, kò ní dá mi lóhùn rárá. Adití tí kò bá sì wojú ẹni, ó ti di adití ẹ̀ẹ̀mejì nìyẹn.

Mo mọ ohun tó fà á. Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, òun náà ni mo kọ ránṣẹ́ sí Ìbàdàn pé mo fẹ́ ṣèwádìí lé lórí: bí àṣà "má wo àgbà lójú" ṣe ń ṣèdíwọ́ fún ọmọ adití. Àwọn tó fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ọ̀kan nínú wọn ní òun ò tíì rí irú rẹ̀ nínú ìwé òyìnbó kankan. Orí mi wú lọ́jọ́ náà, mi ò ní parọ́.

Nírọ̀lẹ́ mo lọ sí àdúgbò Kabawa lọ bá ìyá àgbà rẹ̀, Ìyá Àdìjátù tó ń ta másà. Ọmọ Ìlọrin ni wọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Lọ́kọ́jà níbí ni wọ́n bí bàbá wọn sí. Ìyá ọmọ náà kú nígbà tí wọ́n bí i, àwọn ló sì tọ́ ọ láti kékeré. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n yọ̀ǹda fún un kí ó máa wojú mi, pé ojú ni etí rẹ̀. Wọ́n yí másà tó wà lórí iná padà tán kí wọ́n tó dá mi lóhùn.

"Tíṣà, Ọlọ́run ti gba etí rẹ̀. Bí èmi náà bá tún gba ẹ̀kọ́ ilé lọ́wọ́ rẹ̀, kí ló kù tí ọkọ máa rí fẹ́?"

Wọn ò fẹ́ kọ́ èdè ọwọ́ náà. Ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n ní, àwọn fúnra wọn ló sì dá a sílẹ̀: wọ́n á gbé àtẹ́lẹwọ́ sókè, wọ́n á wá rọra fà á wálẹ̀ títí tí yóò fi bo ojú wọn. "Tètè dé kí ilẹ̀ tó ṣú" ni ìtumọ̀ rẹ̀. Nígbàkígbà tí ọmọ náà bá fẹ́ jáde ni wọ́n ń ṣe é sí i. Mo ní kí n kọ́ wọn ní òmíràn mọ́ ọn. Wọ́n ní èyí tó ń mú ọmọ wálé ti tó àwọn.

Ìṣẹ́gun, 11 Júùnù

Gàrí tún ti gbówó lórí. Alfred ní kí n máa bu ìwé Ìbàdàn mi sínú omi, kí n fi ẹ̀pà sí i.

Ajé, 24 Júùnù

Àná ni Iléyá. Ìyá Àdìjátù fi ẹran rán Mọ̀ríámọ̀ sí wa. Wọ́n ní kí ó tètè wá kó tètè padà, ṣùgbọ́n àwọn àlejò ò jẹ́ kí wọ́n tètè rán an, ilẹ̀ sì ti ń pa pọ̀ kí ó tó dé. Èmi àti Bridget jókòó ní àgbàlá. Ọmọ Ígálà ni Bridget, nọ́ọ̀sì ni, yàrá rẹ̀ ló tẹ̀ lé tiwa.

Àpótí ìjókòó kan wà láàárín àgbàlá, gbangba báyìí. Ọmọ náà wá tààrà, ó kọlù ú, ó ṣubú, abọ́ fò lórí rẹ̀, ẹran sì fọ́n ká. Mo sáré dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo ń fi ọwọ́ bi í pé ṣé kò fara pa. Kò dá mi lóhùn. Ó ti wà lórí eékún, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ nu ilẹ̀ kiri. Ègé ẹran kan wà ní ẹ̀bá orúnkún rẹ̀, ó fi ọwọ́ rẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀mejì. Mo ti ń bínú sí i, mo rò pé ó ń ṣagídí sí mi.

Bridget dìde, ó wò ó títí. Lẹ́yìn náà ló wò mí.

"Madam, no be home training be this o. This pikin no dey see."

Mo ní irọ́ ni, pé ó ń ka ohun tí mo bá kọ sójú pátákó. Bridget kò bá mi jiyàn. Ó lọ gbé fìtílà wá, ó sì bá ọmọ náà ṣa ẹran rẹ̀.

Èmi ni mo sìn ín padà sí Kabawa. Ó di apá mi mú ní gbogbo ọ̀nà, ó mú un le. Mo sọ fún Ìyá Àdìjátù pé ẹran ṣubú. Mi ò sọ èyí tó kù.

Ọjọ́bọ̀, 27 Júùnù

Bridget wá sí ilé ìwé lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ti lọ. Ó ní kí Mọ̀ríámọ̀ jókòó kí ó máa wo imú òun, kí èmi dúró lẹ́yìn rẹ̀, kí n máa mú ṣọ́ọ̀kì bọ̀ wá síwájú láti ẹ̀gbẹ́ etí rẹ̀, kí ọmọ náà gbé ọwọ́ sókè nígbà tó bá rí i. Mọ̀ríámọ̀ rò pé eré ni, ó ń rẹ́rìn-ín. Ìta gbangba ni a wà, oòrùn ń ràn. Ṣọ́ọ̀kì náà kọjá etí, ó kọjá ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan imú rẹ̀ kí ó tó gbé ọwọ́. A ṣe é lápá kejì, bákan náà ló rí.

Ẹni tó bá ń fi ihò kọ́kọ́rọ́ wo yàrá, ohun tó bá jìnnà ló ń rí tán. Ti tòsí, díẹ̀ nínú rẹ̀ ló ń bọ́ sójú ihò. Ìdí tí ọmọ náà fi ń fẹsẹ̀ sẹ́yìn nìyẹn. Kì í ṣe ìbẹ̀rù, kì í ṣe ìtìjú. Ilẹ̀ tó sì ń wò, ibi tí yóò fi ẹsẹ̀ sí ló ń wá.

Ó ń wá ọwọ́ mi. Gbogbo ọdún kan ló fi ń wá ọwọ́ mi, èmi sì ń pè é ní ẹ̀kọ́ ilé. Èmi tí wọ́n ní irú ohun tí mo rí kò sí nínú ìwé òyìnbó. Ojú tì mí débi pé mi ò lè jẹun.

Àbámẹ́ta, 13 Júláì

Ó gba ìrìn mẹ́ta sí Kabawa kí Ìyá Àdìjátù tó gbà. Wọ́n ní ojú ọmọ àwọn mọ́ kedere, kí n wò ó dáadáa. Òótọ́ ni, ó mọ́ kedere. Ohun tó mú wọn gbà ni pé Ìlọrin ni dókítà ojú tí Bridget darí wa sí wà, wọ́n sì ní àbúrò kan níbẹ̀ tí wọn ò tíì kí láti ìgbà tó ti ṣòpó. Èmi náà ní iṣẹ́ lọ́dọ̀ Ọ̀gá Ọmọ́tọ́ṣọ́: òun ló ń mójú tó fáìlì àwọn tíṣà tó fẹ́ lọ kàwé lórí owó oṣù.

Ìṣẹ́gun, 30 Júláì. Ìlọrin

Ọ̀nà burú, bọ́ọ̀sì kún. Mọ̀ríámọ̀ sùn lé mi léjìká. Nígbà tí a dé, Ìyá Àdìjátù lọ sílé àbúrò wọn, èmi àti ọmọ náà sì lọ sí iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́.

Inú Ọ̀gá dùn sí mi. Ó dìde lórí àga, ó kí mi, "Òkun o, Salome, òkun o," gẹ́gẹ́ bí ọmọ Ìjùmú gidi. Ìwé ẹ̀rí másításì rẹ̀ wà lára ògiri nínú gíláàsì. Fáìlì kún orí tábìlì: ti jẹnẹrétọ̀, ti ìgbékiri tíṣà, ti àga àti tábìlì. Mo wò yíká bóyá màá rí ọ̀kan tó kan adití. Mi ò rí. Ó fa tèmi jáde, ó ní òun ti bá mi buwọ́ lù ú, kí n lọ fọkàn balẹ̀.

Mọ̀ríámọ̀ ti dá a mọ̀. Ọ̀gá ló kọ́kọ́ gbà á sí kíláàsì, òun ló sì fún un ní orúkọ tí gbogbo wa fi ń pè é: àtàǹpàkò lórí ẹ̀rẹ̀kẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, níbi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti máa ń ní kòtò bó bá rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà fẹsẹ̀ sẹ́yìn dé ẹnu ọ̀nà, ó fọwọ́ bi í pé, ibo lẹ lọ láti ọjọ́ yìí? Ọ̀gá gbé ọwọ́ sókè. Ọwọ́ náà dúró lófuurufú. Lẹ́yìn náà ó fi àtàǹpàkò kan iwájú orí. Àkùkọ nìyẹn. Àkùkọ adìyẹ ló pe ọmọ náà.

Mọ̀ríámọ̀ rẹ́rìn-ín, ó rò pé wọ́n ń bá òun ṣeré. Ó dúró de èyí tó kù. Kò sí èyí tó kù. Ó yí ojú sí mi, Ọ̀gá sì ki ọwọ́ rẹ̀ bọ àpò ṣòkòtò.

Mo bi í ní ìbéèrè tí mo gbé wá láti ilé, pé ṣé másításì yìí tó ohun tí à ń torí rẹ̀ fi ilé sílẹ̀.

Ó ní, "Ẹ̀kọ́ náà dára, Salome. Mi ò kọ́ ohun tó dára tó o láyé mi. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mo gbà á tán ni wọ́n ní mo ti ga ju kíláàsì lọ, èmi náà ò sì bá wọn jiyàn."

Ọjọ́rú, 31 Júláì

Dókítà náà ò tíì dàgbà, ó sì ní sùúrù. Ó kán omi sí ojú ọmọ náà, ó pa iná, ó fi tọ́ọ̀ṣì kékeré yẹ̀ ẹ́ wò títí. Ó bi wá bóyá ó ti máa ń kọsẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ìyá Àdìjátù ní láti kékeré ni, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí àwọn fi máa ń ní kí ó tètè dé.

Ó ní àìsàn tó bá a wáyé ni. Èyí tó mú etí ló ń mú ojú, láti ẹ̀gbẹ́ ló ti ń bò ó wá sí àárín, alẹ́ ló sì kọ́kọ́ ń mú. Kò sí oògùn. Ó lè pẹ́ díẹ̀ kí ojú tó lọ tán, ó lè má ju ọdún méjì lọ. Èdè Yorùbá ló fi sọ gbogbo rẹ̀, kò fi òyìnbó bò ó, nítorí náà kò sí ibi tí a lè sá sí.

Ìyá Àdìjátù ní, "Ọlọ́run ti gba..." Wọ́n fa ìborùn wọn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tún gèlè ọmọ náà wé.

Dókítà wá kọjú sí mi. Ó béèrè pé, bí kò bá rí ọwọ́ mi mọ́, báwo ni màá ṣe máa bá a sọ̀rọ̀? Mo ní mi ò mọ̀. Ó ní wọ́n ń fi ọwọ́ sínú ọwọ́ bá irú wọn sọ̀rọ̀, pé ó ní bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ, àti pé ọmọ náà gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì wà. Ó ní olùkọ́ kan wà tó mọ̀ ọ́n, kí n wá a lọ. Mo bi í pé níbo.

Ìbàdàn. Ẹ̀ka tí wọ́n gbà mí sí gan-an.

Ohun tí ọmọ yìí nílò wà níbẹ̀, ọdún méjì sì ni wọ́n fi ń kọ́ ọ. Ọdún méjì náà ló sì ṣeé ṣe kó ṣẹ́ kù fún un láti fi wojú ènìyàn. Bí mo bá lọ, mo já a sílẹ̀. Bí mo bá jókòó, kí ni màá fi kọ́ ọ? Mo sunkún nínú ilé ìyàgbẹ́ wọn, mo fọ ojú mi, mo sì jáde.

Àìkú, 4 Ọ́gọ́ọ̀sì

Mo lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mi ò gbàdúrà. Nígbà tí mo dé, òjò bẹ̀rẹ̀. Mo mú ẹ̀dà ìwé tí mo kọ ránṣẹ́ sí Ìbàdàn lórí àṣà wíwo àgbà lójú, mo fi í tẹ́ abẹ́ korobá tí omi ń kán sí. Ó wúlò níbẹ̀.

Ọjọ́rú, 14 Ọ́gọ́ọ̀sì

Ta ni yóò sọ fún ọmọ náà? Mo béèrè lọ́wọ́ Ìyá Àdìjátù. Wọ́n ní kò tíì yá.

Ìṣẹ́gun, 27 Ọ́gọ́ọ̀sì

Wọ́n ti dá sítéètì sílẹ̀! Rédíò ló kéde rẹ̀. Kogí ni wọ́n pè é, Lọ́kọ́jà sì ni olú ìlú. A kì í ṣe ará Kwárà mọ́. Wọ́n ń fun fèrè ọkọ̀ lọ, wọ́n ń fun ún bọ̀, ewé tútù wà lára gbogbo mọ́tò. Alfred, tí kì í jó níbi ìgbéyàwó, di Bridget lọ́wọ́ mú, wọ́n sì jó yí kànga ká. Inú èmi náà dùn. Nígbà tó yá ni mo rántí pé Ìlọrin ni fáìlì mi wà.

Ọjọ́bọ̀, 5 Sẹ̀tẹ́ńbà

Àwọn òṣìṣẹ́ ń rọ́ wọlé láti Ìlọrin lójoojúmọ́. Àwọn kan ń sùn nínú mọ́tò wọn. Onílé wa ti wá sọ fún wa pé àwọn tó máa san ìlọ́po mẹ́ta owó wa wà lẹ́nu ọ̀nà òun.

Fáìlì mi ti di òkú. Kwárà ló ní kí n máa gba owó oṣù nílé ìwé, Kwárà sì ti ní àwọn ò mọ̀ mí mọ́. Kogí ní tiẹ̀ ò tíì rí ilé tó máa kó fáìlì sí. Bí mo bá lọ, àpò ara wa ni yóò gbé mi lọ.

Alfred gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀ lónìí, kò sì bínú sọ ọ́. Ó ní ẹni tó bá ti ní dígírì àkọ́kọ́ nínú ẹ̀kọ́ àkànṣe ní sítéètì tuntun yìí, ọ̀gá ló máa dà, kò ní láti lọ síbì kankan. "Ìgbà tí wọ́n ń bu oúnjẹ kọ́ ni ènìyàn ń dìde lọ pọn omi, Salome."

Òótọ́ ni. Ó wọ̀ mí létí, mo sì kórìíra bó ṣe wọ̀ mí létí. Mo rí ara mi lórí àga, pẹ̀lú fáìlì jẹnẹrétọ̀ níwájú mi.

Ìṣẹ́gun, 17 Sẹ̀tẹ́ńbà

Ilé ìwé ti wọlé. Mo ní kí n dán an wò fúnra mi. Mo fi gèlè mi di Mọ̀ríámọ̀ lójú, mo mú ọwọ́ rẹ̀ lé tèmi, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe lẹ́tà orí ìka. Ó mọ A. Ó mọ B. Nígbà tó ṣe díẹ̀, gbogbo rẹ̀ dàrú mọ́ ọn lọ́wọ́. Mo tún un ṣe, mo fi agbára tẹ̀ ẹ́, bí ẹni tó ń pariwo mọ́ ẹni tí kò gbọ́ èdè. Ó já gèlè náà kúrò lójú, ó sá lọ sẹ́yìn kíláàsì, ó ń bi mí pé kí lòun ṣe tí mo fi ń jẹ òun níyà.

Mi ò mọ ohun tí mo ń ṣe. Kí n kọ ọ́ síbí kí ojú mi rí i. Mo lè kọ́ ọmọ adití. Èyí tó ń bọ̀ yìí, mi ò mọ̀ ọ́n rárá, bí mo bá sì ń fi ọmọ ọlọ́mọ dánra wò báyìí, ẹ̀rù ọwọ́ mi ni yóò máa bà á kí òkùnkùn tó dé.

Nígbà tí mo délé, Alfred ń jẹun. Mo sọ fún un pé, "Ìbéèrè tí o bi mí ní oṣù kẹfà, pé ṣé mi ò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ ni. Rárá. Mi ò mọ̀ ọ́n."

Ó fi ọwọ́ ti abọ́ síwájú.

Ọjọ́rú, 25 Sẹ̀tẹ́ńbà

Ẹ wá wo Ọ̀gá Ọmọ́tọ́ṣọ́ lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì mi. Wọ́n ti dá gbogbo ọmọ Kogí padà láti Ìlọrin, òun náà sì wà nínú wọn. Yàrá kan ni wọ́n fún gbogbo ẹ̀ka wọn. Àga méjì ló wà níbẹ̀, àwọn tó ju Ọ̀gá lọ ló jókòó sórí rẹ̀. Láti Ajé ló ti ń dúró lábẹ́ igi máńgòrò. Ó ní kí n fún òun níbi tóun lè fìdí lé.

Mo fún un ní bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn. Àwọn ọmọ yí i ká. Wọ́n ń sọ̀rọ̀, kò gbọ́. Ó ń sọ̀rọ̀, wọ́n ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Àgbàlagbà bẹ́ẹ̀ ń làágùn. Mọ̀ríámọ̀ ló mú àtàǹpàkò Ọ̀gá, ó gbé e lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní kí ó tún un ṣe. Ó tún un ṣe. Ọ̀gá yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ń nù ún fún ìgbà pípẹ́.

Nígbà tí ilé ìwé parí, mo sọ gbogbo ọ̀rọ̀ náà fún un: dókítà, Ìbàdàn, owó oṣù tó já, gèlè tí mo fi di ọmọ lójú. Ó ní, "Máa lọ. Màá jókòó tì wọ́n."

Mo ní, "Bí wọ́n bá wá rí àga fún yín ńkọ́, Ọ̀gá?"

Ó wolẹ̀. Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́, òun ni kò lè wò mí lójú.

Àbámẹ́ta, 5 Ọkitóbà

Alfred gun òrùlé láti àárọ̀, ó dí gbogbo ibi tó ń jò. Orí àkàbà ló wà tó fi ní ìyá òun yóò wá láti Kàbà wá dúró ti àwọn ọmọ wa. Báyìí ni mo ṣe mọ̀ pé ó ti gbà. Lẹ́yìn náà ó ní, "Bí o bá padà dé tí wọ́n bá ní o ti ga ju kíláàsì lọ ńkọ́?"

Mo ní màá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wọlé.

Kò rẹ́rìn-ín, èmi náà ò sì rẹ́rìn-ín. Mo rò pé Ọ̀gá náà ti sọ bẹ́ẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀ nígbà kan.

Àìkú, 13 Ọkitóbà

Lọ́la ni mo ń lọ. Mo mọ̀ọ́mọ̀ lọ sí Kabawa lọ́sàn-án, nígbà tí oòrùn wà lójú ọ̀run. Ìyá Àdìjátù ń ṣan abọ́ másà. Wọ́n fi àga fún mi, wọ́n sì sọ̀rọ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀: kí n jọ̀ọ́, kí n má tíì sọ fún un. Mo ní mo gbọ́.

Mo fọwọ́ sọ fún Mọ̀ríámọ̀ pé mò ń lọ sí ìlú kan tó jìnnà, mò ń lọ kọ́ nǹkan kan, pé màá máa wá nígbà ìsinmi, pé Ọ̀gá yóò wà pẹ̀lú wọn. Ó bi mí pé kí ni mò ń lọ kọ́. Gbogbo ìdáhùn tí mo ti tò kalẹ̀ láti ilé sá mọ́ mi lọ́wọ́. Mo di ojú mi méjèèjì, mo na ọwọ́ sí i, mo sì ń wá ọwọ́ rẹ̀ lófuurufú.

Ó jẹ́ kí n wá a fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó fi ọwọ́ rẹ̀ sínú tèmi. Nígbà tí mo la ojú, ojú mi ló ń wò, kò fẹsẹ̀ sẹ́yìn. Ó tẹjú mọ́ mi níwájú ìyá rẹ̀ àgbà, ó wò mí títí tó fi jẹ́ pé èmi ni mo fẹ́ gbé ojú kúrò. Ìyá Àdìjátù rí i. Wọn ò bá a wí.

Lẹ́yìn náà ó gbé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kejì sókè, ó sì rọra fà á wálẹ̀ títí tó fi bo ojú rẹ̀.

Èyí tí ìyá àgbà rẹ̀ fi ń pè é wálé ni, mo ti kọ ìtumọ̀ rẹ̀ síbí ní oṣù kẹfà. Mi ò lè tún un kọ.

Ìyá Àdìjátù kọjú sí ògiri. Ọmọ náà ò gbé ọwọ́ kúrò lójú, ó ń dúró de èsì. Mo yí ọwọ́ rẹ̀ tó wà nínú tèmi padà, mo fi ìka kọ ọ́ sí i ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, díẹ̀díẹ̀, mi ò tẹ̀ ẹ́ le, pé mo gbọ́.

Ó pa ọwọ́ náà dé.